Ẹni Tó Mọ Ọkọ̀ Púpọ̀ àti Ẹni Tó Mọ Ọkọ̀ Kan

Mi ò fìgbà kan jẹ́ ẹni tó ka ọkọ̀ sí. Èyí tí mo ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Ọ̀yọ́, bí òjò bá ti bá mi fọ̀ ọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ kí bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì yọ áńkáṣíìfù láti fi nù ún. Áńkáṣíìfù náà tutù nítorí òógùn tí mo ti fi nù lójú. Bí mo ṣe fi agbára nu ibẹ̀, àwọ̀ búlúù yọ sí mi lójú, búlúù tó jinlẹ̀, èyí tí mo ti gbàgbé pé ọkọ̀ náà ní rí.

Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Olùkọ́ ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ra ọkọ̀ yẹn, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì máa ń wá ya eyín sí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti wo ara wọn. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, màmá mi á sì máa pariwo láti inú ilé pé tíì ti tutù. Màmá mi ti lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú bàbá mi díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ohùn ló fi ń dá wa mọ̀. Kò wakọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kì í jáde wá gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà.

Ó gbọ́ bí mo ṣe ń nù ún. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ṣì ń dán?"

Mo wo ọkọ̀ náà. Ó ti ṣá, ó funfun hẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun pa lára. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n bí omi tíì. Oje máńgòrò ti kán tó-tó-tó sí orí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ó máa tó dán, Bàbá."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà ti sọ fún wa pé òun á ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí mo ṣe ń wakọ̀ padà sí Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kàn ń rí i lọ́kàn mi ni: bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé pẹ̀lú ojú tó ríran, ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, búlúù rẹ̀ ń tàn. Mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú ọkọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bí a ṣe ń mú ọkọ̀ dán, ẹ̀rù kò sì bà mí rárá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ni igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìyá ìjọ Kátólíìkì ni, ó ń kọ́ jọ́gíráfì, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àdúgbò kan náà la sì jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ pupa rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, àmọ́ ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin fi máa ń dúró tún irun ṣe lára rẹ̀, tí òun á sì máa lé wọn. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un ní àsìkò ìsinmi, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi mú mi lọ́wọ́ jáde lọ sínú oòrùn.

Ó kọ́ mi bí ẹni pé ìdánwò ń bọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló gbọ́dọ̀ wà, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí a ó máa fi ṣan kànìnkànìn kí yanrìn má bàa padà sára ọkọ̀. A kì í fọ ọkọ̀ nínú oòrùn. A kì í fi ọwọ́ yí po yí po, gígùn la ń nù ún. Ọṣẹ ìfọṣọ kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí pé ó máa ń bó ọ̀rá tó ń dáàbò bo ọ̀dà. Ṣanpú irun dára jù ú lọ. Tó bá ti gbẹ, kí á fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ pa á ní wáàsì inú agolo, ìyẹn ìpara líle kan tó rí bí ìda oyin. Ọṣẹ ìfọyín ni ti iná iwájú. Ó ní kò sí ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn.

Mo bi í pé àwọn tó fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tó ní ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú mi yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ìka hàn mí ibì kan tí pupa rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu. Ọkùnrin kan ló fi ẹ̀rọ pa á níbẹ̀ ní ọdún kan, tí ọ̀dà sì bó dé irin.

Ó ní, "Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ọjà wọn ni wọ́n ń yìn. Wọ́n á fi nǹkan pa ọkọ̀ rẹ lára, á dán títí wàá fi dé ilé. Ta ni yóò wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan? Ìwọ ni, kì í ṣe àwọn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo padà sí kíláàsì, mo sì fi apá kan ẹ̀kọ́ mi ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí ẹni tó ń tajà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà rẹ̀. Wọn ò mọ ibi tí mo ti gbé e wá.

Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́, orí fóònù ni n ó wà, tí n ó máa ka ohun tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kọ. Ayé ńlá kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó wà! Ọ̀kan ní òróró àgbọn ló dára jù fún táyà, èkejì ní ẹni tó bá fi òróró àgbọn sára táyà, eruku gbogbo ayé ló ń pè. Ọ̀kan ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nu dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan búra pé kò sí ohun tí kẹrosíìnì kò lè yọ, ẹlòmíràn dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, títí kan ọ̀dà. Gbogbo wọn ló dá ara wọn lójú. Mo ń gba gbogbo wọn gbọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi náà ra ti mi. Ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, obìnrin tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ gbé agolo kan fún mi, èyí tí a ń fọ́n bíi lọ́fínńdà. Ó ní ká ṣáà ti fọ́n ọn, ká nù ún, ó ti tán. Mo bi í bóyá òun náà ń lò ó. Ó ní òun kò ní ọkọ̀. Mo rà á síbẹ̀síbẹ̀. Ọkọ̀ ti èmi fúnra mi ni mo fi dán an wò, ó sì dán lóòótọ́, ó dán débi tí aládùúgbò mi fi kí mi kú oríire ọkọ̀ tuntun. Inú mi dùn, mo gbé e dé Awẹ́ láìsí ohun tí mo fẹ́ rà níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà, eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí èlùbọ́ bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tútù. Igbákejì ọ̀gá rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kejì, ó sì ní ó yẹ kí n gbin ẹ̀gẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, mo lọ bá ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Mo ti múra sílẹ̀ fún aláriwo, ẹni tí yóò máa gbé ìgò lé ìgò fún mi. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ kí ó tó padà wálé wá fẹ́ ìyàwó. Àwọn ìgò rẹ̀ tò sórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ìbéèrè ló ń bi mí: irú ọ̀dà wo ló wà lára ọkọ̀ náà, ṣé wọ́n ti tún un kùn rí, abẹ́ kí ló wà, kí ni bàbá yín fi ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀? Ó ní òun kò lè sọ nǹkan kan láìtíì rí i. Ni mo bá gbé e lọ sílé.

Ó kí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ náà po láìsọ̀rọ̀. Ó fọ ibì kan mọ́ lórí búùtù. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ ọ̀rá tín-ínrín kan, irú èyí tí wọ́n ń fi di gúgúrú, ó fi ìka rẹ̀ gba ibi tó fọ̀ náà kọjá jẹ́jẹ́, ó sì ní kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ lásán kàn án, ó ń yọ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ inú ọ̀rá kàn án, ó rí ṣákaṣàka bí yanrìn. Mo fò sókè díẹ̀. Bàbá mi ní kí n mú ọ̀rá náà wá fún òun, òun náà sì fọwọ́ bà á, ó ní, "Háà," ó tún fọwọ́ bà á.

Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé oòrùn ti jó òkè ọ̀dà náà gbẹ, àti pé ìdọ̀tí kéékèèké ti rì sínú rẹ̀ tí ọṣẹ kankan kò lè mú un jáde. Ẹ̀rọ ló máa lò, pẹ̀lú rọ́bìn, ìpara tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ máa ń lò láti ha ojú ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wáàsì. Ó ní ẹni tó bá fi wáàsì sórí irú ọ̀dà báyìí láìkọ́kọ́ ha á, ńṣe ló fi ìpara pa ẹsẹ̀ tí kò fọ̀.

Mo sọ fún un ohun tí igbákejì ọ̀gá sọ. Kò bínú. Ó ní, "Àǹtí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, wọ́n á ní yóò ṣiṣẹ́ lára gbogbo ọkọ̀ ayé. Èmi ti rí ọkọ̀ púpọ̀."

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Òótọ́ ni, ọkọ̀ púpọ̀ ló mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan péré ló fi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó di ojú àlá. Ìyá tiwa mọ ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n nínú òjò, nínú ọyẹ́, nínú eruku ọ̀nà oko, láti ọdún dé ọdún. Ó mọ ohun tí wáàsì ń dà lẹ́yìn tí ẹni tó pa á ti lọ sílé. Èwo nínú ìmọ̀ méjèèjì ló tóbi jù? Mo ń bi ara mi sókè nínú ọkọ̀ bí ẹni tó ń bá ènìyàn jiyàn, inú mi sì ń dùn, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ní ohun kan tí mo fẹ́ mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan sì yà mí lẹ́nu nípa ara mi. Aládùúgbò bàbá mi kan ti wá ní ọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú oyin tó ní a máa kán sójú, tó ní ó wo àbúrò òun sàn. Bàbá mi dúpẹ́, ó ní òun á fi mu ẹ̀kọ. Mi ò ro ti oyin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Fún ojú, dókítà nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Fún ọkọ̀, ohùn gbogbo ènìyàn ni mo ń gbọ́. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ọ̀dà tó bàjẹ́ ṣeé tún kùn. Ibi tí àṣìṣe bá ti ṣeé tún ṣe ni a ti lè fara balẹ̀ dán tọ̀tún-tòsì wò.

Nítorí náà, mo dán an wò. Nígbà tí mo padà lọ, mo bẹ ọkùnrin oníṣẹ́ náà pé kó ṣe apá ọ̀tún búùtù nìkan bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mo lẹ téèpù sí àárín, èmi fúnra mi sì ṣe apá òsì bí igbákejì ọ̀gá ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú ṣanpú àti wáàsì inú agolo àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Apá dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Mo ní kí bàbá mi máa fọwọ́ bà á láràárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni fún un.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá mi pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ya gaga bí ti ọ̀dọ́kùnrin. Ó ní apá ọ̀tún ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Apá òsì náà ń yọ̀, àmọ́ bí òun bá fi ọ̀rá sọ́wọ́, òun ṣì ń gbọ́ yanrìn lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, òjò ńkọ́? Ó ní òun dúró sínú òjò láti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ bá a wí, ó sì ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ: omi kò dúró lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ńṣe ló ń ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ìka òun, tó ń yí lọ, bákan náà lọ́tùn-ún, bákan náà lósì.

Mo sáré gbé ìròyìn náà fún igbákejì ọ̀gá. Mo ní ẹ̀rọ ọkùnrin yẹn borí nípa híha, ṣùgbọ́n wáàsì agolo tiyín àti wáàsì tirẹ̀ tó ti òkè òkun wá kò fi nǹkan kan ju ara wọn lọ. Ó ní òun fẹ́ rí ọkùnrin náà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ní ọjọ́ tí a máa ṣe gbogbo ọkọ̀ náà, èmi àti ìyá náà la jọ gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ pupa rẹ̀, òun ló ń rọra wà á lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kí òkúta má bàa ta sí i. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání. Oníṣẹ́ náà ti dé ṣáájú wa, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti ń kùn lábẹ́ máńgòrò. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i. Kí ó tó dìde tán, ìyá náà ti ní kó fi ìpara tó fẹ́ lò han òun.

Orí òrùlé ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi yí dé àárín ni igbákejì ọ̀gá na ọwọ́ sókè pé kó dúró. Òwú tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà ti di búlúù. Ó ní ó ti ń bó ọ̀dà, ohun tí wọ́n ṣe fún òun náà nìyẹn. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó sì ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ní àwọ̀ mìíràn tó mọ́ bí gíláàsì lórí ọ̀dà, ti àtijọ́ kò ní. Òkú ọ̀dà ló ń jáde yẹn, ààyè wà lábẹ́. Ó nu ìpara náà kúrò. Gbogbo wa ni ẹnu yà. Ẹ̀ka igi máńgòrò ló wà nínú òrùlé ọkọ̀ náà, ewé lẹ́yọ lẹ́yọ, àti orí àwa mẹ́ta tí a tẹ̀ wò ó.

Igbákejì ọ̀gá yọ síńgílẹ́ẹ̀tì nínú báàgì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tó kù.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ọkùnrin náà sì ń gbé ẹ̀rọ lọ sí etí rẹ̀, ó tún dá a dúró. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọmọ mi, ọ̀dà kì í pọ̀ ní etí. Etí ilẹ̀kùn ni tèmi ti bó. Bàbá yìí sì ti nu ọkọ̀ yìí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ayé rẹ̀."

Oníṣẹ́ náà wo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ó tẹ̀ ba, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi èékánná tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sì ní òótọ́ lẹ sọ, Mà, ó ti fẹ́lẹ́ gan-an níbí. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ló fi ṣe gbogbo etí àti gbogbo ibi tó ṣe gọngọ, ìyá náà ń ṣe apá kejì, ọkùnrin náà ń wo bó ṣe ń ṣe é, òun náà ń wo tirẹ̀.

Lórí oje máńgòrò, ìjà fẹ́ẹ́rẹ́ tún ṣẹlẹ̀. Ìyá náà ní kẹrosíìnì díẹ̀ lára àkísà. Ọkùnrin náà ní rárá, ó gbé ìgò kékeré kan jáde tó ní iṣẹ́ yẹn nìkan la ṣe é fún. Bàbá mi, tó ti ń gbọ́ wọn láti orí àga rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ní kí wọ́n mú méjèèjì wá sí imú òun. Ó gbóòórùn ọ̀kan, ó gbóòórùn èkejì. Ó ní, "Ọmọ ìyá ni wọ́n." Ọkùnrin náà ka ẹ̀yìn ìgò rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní tòun ti gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá ni. Èyí tó wà nínú ìgò kì í fi ọ̀rá sílẹ̀ bíi kẹrosíìnì, a sì lò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn kò tún bú kẹrosíìnì mọ́.

Iná iwájú ló kẹ́yìn. Igbákejì ọ̀gá fi ọṣẹ ìfọyín ha ọ̀kan, ó sì mọ́ kedere. Ọkùnrin náà fi sáńpépà olómi ha èkejì, ó fi ohun kan bò ó lẹ́yìn náà, òun náà mọ́. Ó ní ti ọṣẹ ìfọyín yóò tún pọ́n láìpẹ́ nítorí kò sí ohun tó bò ó. Mo wo ìyá náà, mo retí àríyànjiyàn.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi ń ṣe tèmi lóṣooṣù nìyẹn." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó wá yọ̀ǹda kí ọkùnrin náà bo tirẹ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ dé. Èmi ni mo gbé bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí ojú náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo ògiri, ó wá wò mí pẹ́, ó ní mo ti ní ewú lórí, pé ta ló gbà mí láyè? Mo dì mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n rọra.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé. Mo ti gbé ọkọ̀ náà kúrò lábẹ́ igi, mo ti gbé e sí gbangba. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú tí wọ́n fún un, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì dúró. Ó rìn lọ bá ọkọ̀ náà láìdi ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú, ó kọjá síwájú, ó kọjá sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ohun tó sọ ni pé táyà ẹ̀yìn kò ní atẹ́gùn mọ́, àti pé ta ló gbé wáípà yìí sódì. Ó tún ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì níbẹ̀ yẹn, wáàsì ti gbẹ mọ́ ọn, kí n wá àkísà.

Mo lọ mú àkísà wá. Bí mo ṣe padà, ó ti yọ awò náà, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn búlúù náà gan-an, ó ń ya eyín sí i.

Mo fi fóònù pe igbákejì ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo pe oníṣẹ́ náà, èmi àti wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyá náà ń yin Olúwa lórí fóònù. Ọkùnrin náà ní ká má ṣe fọ̀ ọ́ nínú oòrùn o, ká lo bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ti bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ó ní òun ti ń lò ó tipẹ́ ní Èkó, àmọ́ òun kì í sọ ọ́ fún oníbàárà tẹ́lẹ̀, pé òun rò pé wọn kò ní í fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí dókítà gbà pé ó lè rìnrìn àjò, mékáníìkì wo ọkọ̀ náà, a pààrọ̀ táyà, mo sì fi gbé bàbá mi wá sí Ọ̀yọ́ kó wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo ń wà á, òun jókòó síwájú. Mo rò pé ọkọ̀ la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé ilé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbí la ti ń lẹ táyà. Búrẹ́dì gbígbóná. A ń ta ilẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Ó ka nọ́ńbà náà tán pátápátá, kó tó kọjá. Má ṣe tọ̀ síbí. Ó ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní àmì ohùn kò sí lórí rẹ̀, olùkọ́ wo ló kọ́ wọn? Mo dín eré kù kó lè máa rí wọn dáadáa. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè, wọ́n ń yà wá sílẹ̀, bàbá mi sì ń kà á lọ, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe orúkọ nínú kíláàsì nígbà kan rí, títí a fi rí òrùlé àwọn ilé Ọ̀yọ́.